Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Idán Tó Fẹ́ Kọ́

Badore, Ajah,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànní, ọmọ àbúrò mi,

Ìyá rẹ pè mí lórí fóònù lálẹ́ àná, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó ní fídíò àwọn onídán lò ń wò ṣáá, pé o fẹ́ kọ́ idán tí wàá pa fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ẹ́sítéètì yín ní Lekki, pé òun kò mọ̀ bóyá eré ni tàbí oògùn. Ó ní kí n bá ọ wí. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbáwí, kì í sì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí fóònù kí káàdì tó tán. O ti tó ẹni tí àgbà ń kọ̀wé sí.

Kọ́ idán náà. Èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, màá sì sọ fún òun náà. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni irú nǹkan tí idán jẹ́, kí o lè mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Ìsẹ́yìn ni orírun wa, ìlú aṣọ òfì. Ìlú yẹn náà ni wọ́n ti bí Moshood Fọlọ́runṣọ́ ní 1941, ẹni tí gbogbo Áfíríkà wá mọ̀ sí Professor Peller. Láti 1954 ló ti ń pa idán kéékèèké kiri Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Èkó. Ṣírò rẹ̀ wò, wàá rí i pé ẹgbẹ́ rẹ ni nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ G.B.O., ó tún ṣòwò, ṣùgbọ́n idán kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1964, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Íńdíà, ó sì lo ju oṣù 18 lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní idán. Ó gbé ní Làìbéríà lẹ́yìn rẹ̀, kó tó wá ṣeré ní Federal Palace Hotel ní Victoria Island ní 1966. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ yín rárá.

Wo ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn gbà. Ẹni tó ti ń pa idán fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí ìlú ti ń pàtẹ́wọ́ fún, ló tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ ni idán. Olùkọ́ wà, iṣẹ́ àṣetiléwá wà, ìdánrawò wà, bíi ti ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

Mo wo Peller lórí tẹlifíṣàn nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Yóò ní kí ìyàwó rẹ̀, Lady Peller, dùbúlẹ̀ nínú àpótí, yóò gé e sí méjì, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ká tó ṣẹ́jú, obìnrin náà ti dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà tí a jọ ń wò ó á máa ké pé, “Háà, ọkùnrin yìí lágbára!” Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé idán yẹn ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ P. T. Selbit ló fi gígé èèyàn nínú àpótí han àwọn èrò ní gbọ̀ngàn eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù January 1921, ogún ọdún kí wọ́n tó bí Peller. Èèyàn ló rò ó jinlẹ̀, káfíńtà ló sì kan àpótí náà.

Ní oṣù August 1997, àwọn apànìyàn wọlé tọ Peller ní Èkó, wọ́n sì yìnbọn pa á. Mo rántí ohun tí àwọn èèyàn ń wí nígboro lọ́sẹ̀ náà: kí ló dé tí kò pòórá, kí ló dé tí kò sọ ìbọn di omi? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí dòní. Èèyàn pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń sunkún, àwọn kan wá ń béèrè idán lọ́wọ́ òkú. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kò mọ̀ pé òṣèré tó gbówọ́ lórí ìtàgé, bí wọ́n bá pa iná ìtàgé tán, ẹran ara ni bíi tiwa. Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ ṣá: Shina, ọmọ rẹ̀, ṣojú Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ nílé aṣòfin ní Abùjá láti 2019 sí 2023.

Má sì rò pé ọ̀dọ̀ oyìnbó tàbí ará Íńdíà ni idán ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn eégún alárìnjò ti ń pidán nílẹ̀ Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Selbit. Ìtàn fi yé wa pé ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pé Ológbìn Ológbojò ni baba wọn. Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré fún un ní ààfin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn eléré wọ àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Erè ńlá kan jáde wá, ó ń fà nílẹ̀ bí ejò gidi, èèyàn sì ni. Lẹ́yìn náà ni àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí, oyìnbó ló wà níbẹ̀! Ó funfun, ó gbẹ, òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fi aṣáà símú, ó ń rìn bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tó tutù bíi yìnyín. Àwọn òǹwòran ń pe Clapperton pé kó wò ó dáadáa, ariwo sì gba ààfin. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Àlejò ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, àlejò náà sì yin eléré náà, ó gbé e wọ inú ìwé rẹ̀. Irú idán tí mo fẹ́ kí o máa pa nìyẹn, èyí tí ẹni tí a tàn jẹ yóò fẹ́ ròyìn fún ẹlòmíràn.

Ìkìlọ̀ kan níbẹ̀: ti eégún yàtọ̀ sí tìrẹ. Ìdílé ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀, ẹ̀sìn baba wọn sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Zangbeto, eégún aláṣọ ewé àwọn ará Ògù ní Àgbádárìgì àti Porto-Novo, tí wọ́n máa ń gbé aṣọ ewé rẹ̀ dojú dé kí ayé lè rí i pé inú ṣófo. Má lọ máa sọ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò kàn ọ́, kò sì yẹ ọmọ tí a kọ́ nílé.

Ó yá, jẹ́ kí n kọ́ ọ ní ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìwé àti fídíò ilẹ̀ òkèèrè, owó onírin ni wọ́n fi ń kọ́ni, ta ló sì ń ná kọ́bọ̀ mọ́ ní Èkó? Rọ́bà ni ká lò, irú èyí tí àwọn alátẹ fi ń so ẹnu ọ̀rá. Kó má tóbi jù, kó má fún jù.

Na ọwọ́ òsì rẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ọ, kí ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ. Fi rọ́bà bọ ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín, kó lọ jókòó ní ìdí wọn. Fi ọwọ́ ọ̀tún fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ ìró rẹ̀, kó mọ̀ pé kò já. Tún fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Bí o ṣe fà á, àlàfo ti wà láàárín rọ́bà àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ká ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ṣóńṣó gbogbo wọn bọ́ sínú àlàfo yẹn, kí o wá jọ̀wọ́ rọ́bà lé èékánná wọn. Lójú ẹni tó wà níwájú, ìkúùkù lásán lo dì, rọ́bà sì wà ní ìdí ìka méjì ìṣáájú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. La ọwọ́ rẹ lójijì. Rọ́bà yóò fò, yóò balẹ̀ sí ìdí ìka òrùka àti ọmọńdinrín. Ìwọ kọ́ lo gbé e, fífà tí o fà á ló gbé e lọ. Rọ́bà tí a fà kò ní sinmi àfi tó bá rí ibi tó ti lè sún kì.

Idán náà kò jù báyìí lọ. Kò gba ìṣẹ́jú méjì láti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ti máa ń ṣubú: wọ́n mọ̀ ọ́n tán, wọ́n sáré síta, ọ̀rẹ́ rí ìka tó ń wá rọ́bà kiri, ó pariwo pé, “Mo ti rí i!” Mímọ idán kò tíì jẹ́ pípa á. Jókòó síwájú dígí nínú yàrá rẹ. Ṣe é títí ọwọ́ ọ̀tún yóò fi kúrò níbẹ̀ láìjáfara, títí àtàǹpàkò òsì nìkan yóò fi lè fa rọ́bà náà fún àwọn ìka yòókù. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ: bí kò bá tíì mọ́ ọ lọ́wọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Lẹ́yìn náà, yí dígí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wàá rí i pé ẹni tó jókòó sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì rẹ lè rí inú ọwọ́ rẹ. Nítorí náà, kó àwọn òǹwòran síwájú, kí ògiri wà lẹ́yìn rẹ. Má sì jẹ́ kí rọ́bà pẹ́ lára ìka rẹ títí yóò fi dì í ní ẹ̀jẹ̀, má sì ta á sí ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹnu ṣe pàtàkì ju ọwọ́ lọ. Bí o bá dákẹ́, ọwọ́ rẹ ni gbogbo wọn yóò máa wò. Fún wọn ní ìtàn tí wọ́n mọ̀. Sọ pé ìka méjì ìṣáájú ni Lekki Phase 1, méjì ẹ̀yìn ni Ajah, rọ́bà sì ni èrò tó wọ ọkọ̀ kórópé lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ka ibùdókọ̀ fún wọn: Ikate, Jákàńdè, Chevron, Ikota, VGC. Kò sí ọmọ Lekki tàbí ọmọ Ajah tí kò mọ ohun tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà yẹn ń fi ojú èèyàn rí, wọn yóò ti máa rẹ́rìn-ín kí o tó dé Jákàńdè. Inú ẹ̀rín yẹn ni kí o ti ká ìka rẹ. Gbé ojú rẹ sókè, wo ojú wọn, nítorí ibi tí ojú rẹ bá wà ni ojú tiwọn yóò wà. Dé VGC, kí o dánu dúró díẹ̀, kí o ké bíi kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ pé, “Ajah, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!” kí o la ọwọ́. Èrò ti dé Ajah kí iná pópó tó yí padà.

Wọn yóò ní kí o tún un ṣe. Má tún un ṣe. Nígbà àkọ́kọ́ wọn kò mọ ohun tó ń bọ̀; nígbà kejì, ọwọ́ ni wọn yóò dojú kọ. Fi rọ́bà náà sápò, kí o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míràn. Bí wọ́n bá bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ bí o ṣe ṣe é, rẹ́rìn-ín, kí o ní ẹ̀kọ́ ni, o kọ́ ọ ni. Má parọ́ ju ìyẹn lọ. O lè pa àṣírí mọ́ láìpurọ́. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ bá béèrè tọkàntọkàn pé, “Àbí o ní oògùn?” kí o sì dákẹ́ bí ẹni tó ní nǹkan kan nílé, ìgbà yẹn ni eré tán, tí ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá kéré sí ọ ńkọ́, tí ẹ̀rù bà, tó ń sunkún? Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o fi rọ́bà hàn án, kí o kọ́ ọ. Àlàáfíà ọmọ yẹn ju àṣírí rẹ lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ní 1856, ìjọba Faransé rán onídán wọn kan, Robert-Houdin, lọ sí Algeria, nítorí pé àwọn aláfàá kan níbẹ̀ ń fi iṣẹ́ ìyanu ru ìlú sókè sí wọn. Ó gbé àpótí kékeré kan síwájú àwọn èèyàn, ó pe ọkùnrin alágbára kan kó gbé e, ọkùnrin náà sì gbé e bí ẹni gbé ìyẹ́. Robert-Houdin ní òun ti gba agbára rẹ̀ báyìí, kó tún un gbé. Ọkùnrin náà fà á títí, àpótí kò mira. Irin òòfà tí iná mànàmáná ń mú ṣiṣẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń wò ó kò sì tíì rí irú rẹ̀ rí. Robert-Houdin kọ ọ́ nínú ìtàn ayé rẹ̀ pé wọ́n padà ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé ọgbọ́n orí ni. Síbẹ̀ n kò fẹ́ràn ohun tó ṣe. Ó mú ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ó dójú tì í níwájú àwọn ará rẹ̀, kí ẹ̀rù ìjọba lè bà wọ́n. Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ pé, ìwà tó fi ṣe é kò pé.

Tiwa nílé burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn gbájúẹ̀ tó ń sọ pé àwọn lè fi omi fọ bébà kó di owó, tàbí pé àwọn á pe ẹ̀mí kan tí yóò sọ ẹgbẹ̀rún kan di ìlọ́po, idán ọwọ́ náà ni wọ́n ń lò: wọ́n á pààrọ̀ àpò lójú ẹni, ojú kò ní rí i. Òfin ìjìbìtì ti ọdún 2006 dárúkọ irú iṣẹ́ yẹn gan-an, ẹ̀wọ̀n sì ni ìjìyà rẹ̀. Ọwọ́ tó ń fi rọ́bà ṣeré àti ọwọ́ tó ń pààrọ̀ owó opó, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́. Ìwọ ni yóò yan èyí tí tìrẹ yóò jẹ́.

Ní ti owó, má lo náírà. Mo mọ̀ pé fídíò kún fún idán tí wọ́n ti ń ya owó, tí wọ́n ń kọ orúkọ sí i lára. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ba owó náírà jẹ́; ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà ló wà níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì lè fi méjèèjì jẹni níyà. Má sì mú fóònù tàbí aago ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni pòórá. Nǹkan tìrẹ ni kí o fi ṣeré.

Èyí tó kù yìí, gbọ́ ọ dáadáa. Àárín àwọn ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́ ni kí idán rẹ mọ. Má pa á nínú dáńfó, má pa á ní ọjà Ajah, má pa á ní etí òkun Elégùṣì fún ẹni tí o kò mọ̀ rí, má sì fọwọ́ kan àjèjì nítorí eré. Ní 1990, ariwo gba Èkó àti àwọn ìlú ńlá míràn pé àwọn kan ń fọwọ́ kan ọkùnrin, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń pòórá. Kò sí ohun tó pòórá. Àmọ́ ẹnì kan á ké, èrò á pé, wọ́n á lu aláìṣẹ̀, àwọn mìíràn kò bọ́ níbẹ̀ láàyè. Ariwo yẹn ti tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ gbà pé ohun tí ojú kò rí lágbára ju ohun tí ojú rí lọ, ọmọ tó bá sọ pé òun mú nǹkan pòórá gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, n kò sì ní fojú kékeré wo ìbẹ̀rù rẹ̀. Bí ó bá ní nǹkan àjẹ́ ni, sọ ìtàn Reginald Scot fún un. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn arúgbó obìnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀sùn àjẹ́, Scot kọ ìwé kan ní 1584, The Discoverie of Witchcraft. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé bí àwọn eléré ṣe ń mú owó pòórá, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ gún ara wọn láìfarapa, kí àwọn adájọ́ lè mọ̀ pé ọwọ́ yíyá ni. Títú àṣírí idán jẹ́ ọ̀nà kan láti gba ẹ̀mí là nígbà yẹn. Ọmọ tó bá mọ bí ojú ṣe ń ṣe àṣìṣe, wòlíì èké kò ní tètè rí owó ilé rẹ̀ gbà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, kí o tó gbé rọ́bà dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kankan, ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ pa idán yìí fún. Jẹ́ kó dáná alẹ́ tán, jẹ́ kó jókòó, kí o kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o kà á láti Lekki dé Ajah. Òun nìkan ni kí o tún un ṣe fún, kí o sì kọ́ ọ bí ó bá fẹ́. Bí ó bá ṣì ní kí o má ṣe é mọ́, gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kí o pè mí. Èmi àti òun yóò jọ sọ ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.